Ọkọ̀ Tó Ń Jẹun Lẹ́yìn Wa

Nígbà náà, ìyá mi ṣì wà láàyè. Ẹ̀gbọ́n mi Bámgbàlà wà láàyè, gbogbo eyín rẹ̀ sì pé sẹ́nu. Àbúrò ìyá mi, Ọláyẹni, wà láàyè ní Àgọ́-Ìrókò níbi tó lọ́kọ sí. Ewúrẹ́ wa wà, ọ̀pẹ ẹ̀yìn ilé wà, odò tó ń ṣàn gba àárín ilé ìdáná wa kọjá náà wà, bẹ́ẹ̀ lójú ayé a ò ní odò kankan nínú ilé ìdáná rí. Gbogbo wa jókòó lórí ẹní, à ń jẹun. Ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi jókòó tì wá.

Ọkọ̀ akẹ́rù ni, èyí tí wọ́n fi pákó kan ẹ̀yìn rẹ̀, tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ SÙÚRÙ sí iwájú orí rẹ̀. Ó ká táyà ẹ̀yìn sábẹ́ bí ewúrẹ́ ṣe ń ká ẹsẹ̀, ó na ti iwájú. Kò yà wá lẹ́nu. Ó ti pẹ́ tó ti ń bá wa jẹun. Ohun tí èmi ń rò lọ́kàn ni pé etí ìró mi wà lábẹ́ táyà rẹ̀, mi ò sì mọ bí n ó ṣe sọ fún un pé kó gbẹ́sẹ̀ tí kò ní dà bí àfojúdi, torí ó jù mí lọ lọ́jọ́ orí.

"Ebi ń pa mí," ni ọkọ̀ wí.

"O ò kí ẹnikẹ́ni, oúnjẹ lo ń béèrè," ìyá mi dá a lóhùn. "Ṣé bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé yín nìyẹn?"

Ọkọ̀ náà tẹ imú mọ́lẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, eruku orí rẹ̀ sì dà sínú ọbẹ̀. "Ẹ kúulé o, Ìyá Elépo."

"Ẹn-ẹ́n. Dìde. Àwọn ará ilé rẹ ńkọ́?"

"Gbogbo wọn ti dípẹtà."

"Pẹ̀lẹ́," ni ìyá mi wí. "Gbogbo wa la ó dípẹtà." Ó sì bu ẹ̀bà fún un nínú bàsíà tí a fi ń wẹ̀.

Ìyá mi ló ni ẹkù tó tóbi jù ní Abà Elépo. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ ẹkù. Kòtò ńlá ni, tí a fi òkúta àti amọ̀ rẹ́ inú rẹ̀. Ibẹ̀ la ń da ẹyìn tí a ti sè sí, àwa ọmọbìnrin á bọ́ sínú rẹ̀, a ó di igi tí wọ́n dá bùú lókè mú, a ó máa fẹsẹ̀ tẹ ẹyìn náà títí epo rẹ̀ á fi gbà láti jáde. Ẹsẹ̀ wa á pọ́n dé orúnkún. Tí a bá wọ ọjà lọ́jọ́ kejì, gbogbo èèyàn á ti mọ ọmọ ẹni tí a jẹ́.

Ìyá mi ní òfin kan tí kì í yẹ̀ nídìí ẹkù yẹn. Tí epo bá ti jinná, ìgbákọ àkọ́kọ́, ẹnu àwa ọmọ ló ń lọ. Iṣu sísun la fi ń gbà á, a ó bù ú kan epo nígbà tó ṣì ń hó, ahọ́n wa á bó, a ò ní bìkítà. Lẹ́yìn ìyẹn ló tó kan ọjà. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó bá kù sídìí ìkòkò ni ti fìtílà. Ìhá, ìyẹn fọ́nrán ẹyìn tí a ti fún epo inú rẹ̀ tán, òun ni ti ààrò àti ti ògùṣọ̀.

"Ẹnu ló kọ́kọ́," ni ìyá mi máa ń wí. "Àjẹkù ni ti iná. Iná tó bá ń bá ọmọ du oúnjẹ, ilé ni yóò jẹ gbẹ̀yìn."

Nínú àlá tí mò ń rọ́ fún yín yìí, òfin náà ti wọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ti sọ ọ́ dàṣà láti máa bu ti ọkọ̀ ṣáájú ti ẹnikẹ́ni. Bí ọkọ̀ náà bá ti gbé òkèlè kan mì, ìkòkò gbogbo ará abà á kéré sí i. Mo rí Ìyá Wúràọlá, aládùúgbò wa, lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ìkòkò rẹ̀ ti tó ife. Igi ìṣáná ló fi ń ro ẹ̀kọ inú rẹ̀, kò ráhùn, ó kàn tẹjú mọ́ ọn kí ó má baà jóná.

Ìyá mi ti wẹ̀. Ó ti wé gèlè, ó ró ìró àdìrẹ rẹ̀ tó dára jù. Ohun kan wà lórí itan rẹ̀ tó fi ewé eéran dì. Ó sọ pé òun fẹ́ lọ sí Àgọ́-Ìrókò.

"Mo fẹ́ lọ fojú kan Ọláyẹni," ló wí.

Gbogbo wa mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí wọ́n ti rí ara wọn. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, inú ẹkù kan náà ni wọ́n ti jọ tẹ ẹyìn kí ọkùnrin tó wá gbé ọ̀kan síbí, tí òmíràn sì gbé ìkejì sọ́hùn-ún. Kò sì sẹ́ni tó sọ ọ́ jáde, ṣùgbọ́n a mọ̀ pé bí ìyá mi kò bá lọ lọ́tẹ̀ yìí, kò ní lọ mọ́.

Pẹtiróòlù ti tán láyé. Ẹnikẹ́ni ò bínú sí i. Ó tán bí òjò ṣe ń tán, àwọn èèyàn wo ojú ọ̀run díẹ̀, wọ́n sì padà sídìí iṣẹ́ wọn. Oúnjẹ nìkan ló kù tí ọkọ̀ ń jẹ.

"Kí ló wà nínú ewé yẹn?" ọkọ̀ béèrè.

"Kò kàn ọ́," ìyá mi dáhùn.

Ẹ̀gbọ́n mi gun àjà lọ. Àgbàdo irúgbìn wa wà lókè ibẹ̀, tí a so ní ìdì-ìdì sórí ààrò kí èéfín lè máa lé kòkòrò. Ìyàn ti mú wa rí lọ́dún kan, a jẹ ewé, a jẹ gbòǹgbò, a ò gbójú sókè wo àgbàdo yẹn. Bámgbàlà tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó kó o fún ọkọ̀. Ọkọ̀ jẹ ẹ́ tòun ti háríhá. Ó dìde, ó gbọn ara, ó sáré dé ìdí ọ̀pẹ ẹ̀yìn ilé, ó sì sùn lọ síbẹ̀. Bó ṣe ń hanrun, gúgúrú ń jáde láti ihò èéfín rẹ̀, àwọn adìyẹ ń ṣà á jẹ.

Ìyá mi ò pariwo.

"Bámgbàlà, kí lo fún un jẹ?"

"Àgbàdo ni, Ìyá."

"Àgbàdo wo?"

Ẹ̀gbọ́n mi wo òkè àjà, ó tún wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

"Ibo ló wá bá a dé?"

"Ó dé ìdí ọ̀pẹ."

"Ìdí ọ̀pẹ," ni ìyá mi wí. "Èmi fẹsẹ̀ mi rìn débẹ̀ láàárọ̀ yìí, mo lọ tọ̀."

Oko ni mo bá ara mi lẹ́yìn ìyẹn. Ọmọdé ni mí, ṣùgbọ́n orúnkún tí mo ní lónìí yìí ni mo gbé lọ, nítorí náà mo ń rọra rìn. Àwọn ebè ti la ẹnu. Gbogbo wọn, láti etí ọ̀nà títí dé etí igbó, wọ́n la ẹnu sílẹ̀ bí ọmọ ẹyẹ tó ń retí ìyá rẹ̀. Wọ́n mọ orúkọ mi.

"Fádérera, kí lo mú wá?"

Mo ní mi ò mú nǹkan kan wá. Wọ́n ní kò burú, àwọn á dúró. Wọn ò pa ẹnu dé. Ìdúró tí wọ́n ní àwọn á dúró yẹn ló bà mí lẹ́rù ju bí wọ́n ṣe sọ̀rọ̀ lọ.

Ọkùnrin kan tó dé fìlà ike, irú èyí tí àwọn tó ń ṣe ọ̀nà máa ń dé, dìde láàárín ebè méjì. Àgbàdo ni eyín rẹ̀. Ó tò gbọọrọ, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, bó bá sì ti ń sọ̀rọ̀ ni wọ́n ń já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Okùn kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó fi ń wọn ilẹ̀, àmọ́ ọrùn àwa ará abà tó ti péjọ síbẹ̀ ló ń fi okùn náà wọ̀n.

"Ẹ kú iṣẹ́ oko o," ó wí. "Ìròyìn ayọ̀ ni mo mú wá. Ẹ fi gbogbo oko yìí bọ́ ọkọ̀. Ọkọ̀ á wá gbé yín dé ibi tí oúnjẹ wà."

Gbogbo ará abà mi orí. Ó dùn ún gbọ́ létí, mi ò ní tàn yín, èmi gan-an mi orí. Ìyá Wúràọlá nìkan ló nawọ́ sókè. Ìkòkò rẹ̀ ti kéré débi pé ó ti fi í sọ́mọ ìka bí òrùka.

"Ẹ forí jì mí, ọ̀gá," ó wí. "Ibi tí oúnjẹ wà tí ẹ wí yẹn, ṣé kì í ṣe ibí yìí?"

Ọkùnrin náà wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Ibí yìí ni tẹ́lẹ̀," ló dáhùn.

Ó rẹ́rìn-ín, gbogbo eyín rẹ̀ sì dà sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ṣà wọ́n sínú fìlà rẹ̀, ó mú ọ̀nà rẹ̀ pọ̀n. Láti ìgbà tí mo ti lá àlá yìí, tí rédíò ọmọ mi bá ń sọ pé àwọn ìlú kan lókè òkun ń fi àgbàdo ṣe epo tí mọ́tò ń jó, eyín ọkùnrin yìí ni mo máa ń rí.

Mo padà sílé. Yàrá ìyá mi ti di ẹkù. Bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ wà níbẹ̀, àpótí aṣọ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ti jìn sísàlẹ̀, òkúta sì wà lára ògiri yí ká. Ìyá mi jókòó sáàárín rẹ̀ tòun ti ewé eéran lórí itan. Ó ti dín kù. Gèlè rẹ̀ ti tóbi jù ú, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kanlẹ̀ mọ́. Fìtílà amọ̀ tí ìyá ìyá mi fi sílẹ̀ wà lórí pẹpẹ, ó ń bá ọkọ̀ jà láti ojú fèrèsé.

"Wọ̀bìà ni ọ́," fìtílà wí. "Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ni mò ń jẹ láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọ mí, mi ò sì kú."

"Ìwọ kì í lọ síbì kankan," ọkọ̀ fèsì láti ìdí ọ̀pẹ, ojú rẹ̀ ṣì wà ní pípadé.

"Àwọn tó ń lọ ni mò ń mọ́lẹ̀ fún. Ìwọ tí wọ́n ní o lè rìn, sùn sí i."

Ẹ̀gbọ́n mi wọlé wá, ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo rí i pé ó ti sunkún.

"Ìyá, ẹ jẹ́ kí n kó èbù iṣu fún un. Tó bá jẹ ìyẹn, á dé Àgọ́-Ìrókò. Ẹ ò wo ara yín ni? Bí ẹ bá ń dín kù báyìí, kò ní pẹ́ tí mi ò fi ní rí yín mọ́."

Ìyá mi fi ọwọ́ kan orí rẹ̀. Ọwọ́ náà ti kéré bí ọwọ́ ọmọ tuntun.

"Bámgbàlà, ọmọ mi. Bí mo bá dé ọ̀dọ̀ Ọláyẹni, tó bi mí pé kí làwọn ọmọ rẹ máa jẹ lọ́dún tó ń bọ̀, ṣé kí n sọ fún un pé mo gùn ún wá ni?"

A ń gbọ́ bí ọkọ̀ ṣe ń hanrun. Nígbà náà ni ohùn kan sọ̀rọ̀ láti igun yàrá.

"Ẹ ò tíì fún wa tán."

"Ta nìyẹn?" ìyá mi béèrè.

"Àwa ni. Àwa ìhá. Èèpo ẹ̀gẹ́ náà wà níbí. Pòròpòrò àgbàdo wà níta, ojú ló ń tì í láti wọlé."

"Wọlé, jàre," ìyá mi wí fún pòròpòrò. "Ta ló lé ọ?"

Pòròpòrò wọlé, ó tẹ orí ba, torí ó ga. Ìhá wá sọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ó ní epo tí ẹnu ń wá ti tán lára àwọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun kan ṣì kù nínú àwọn tí ẹnu ò mọ̀, tó jẹ́ pé iná nìkan ló mọ̀ ọ́n. Ó ní ká ṣe àwọn bí a ṣe ń ṣe fùfú.

Ìyá mi rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀. "Fádérera, o gbọ́? Kó gbogbo wọn jọ. Ohun tí ẹnu bá lè jẹ, má fọwọ́ kàn án. Ohun tí ewúrẹ́ bá ṣì ń wò, fi sílẹ̀ fún ewúrẹ́."

Ewúrẹ́ wa ti dúró lẹ́nu ọ̀nà bí kọ́sítọ́ọ̀mù. Gbogbo ohun tí mo bá gbé kọjá ló ń gbóòórùn. Èèpo ẹ̀gẹ́ tútù, ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó jẹ ẹ́. Èyí tó ti bu, ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní kí n máa lọ. Ewé àgbàdo tó rọ̀, ó gbà á. Pòròpòrò tó ti gbẹ, ó fi ìwo tì í sí mi. Ìtàkùn iṣu tó gbẹ kọjá. Ìhá kọjá. Omi kíkan tí a fi rẹ ẹ̀gẹ́ fùfú, ewúrẹ́ tọ́ ọ wò, ó sín, ó sì yà fún mi. Ìgbà tó rí i pé mi ò fi nǹkan kan pamọ́ sábẹ́ ìró, ó sùn sílẹ̀, ó ń jẹ àpọ̀jẹ.

A da gbogbo rẹ̀ sínú ìkòkò ńlá tí a fi ń se ẹyìn. A gún un, a bu omi kíkan sí i, a fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó, a gbé òkúta lé e. Èmi jókòó sórí òkúta náà.

"Má ṣí mi," ìkòkò wí.

"Mi ò ní ṣí ọ."

"Àwọn ọmọdé máa ń ṣí mi."

Mo ní èmi kì í ṣe ọmọdé, kó wo orúnkún mi. Ó wò ó, ó gbà. Ẹ̀gbọ́n mi ń rìn lọ rìn bọ̀. Ó ní ká jẹ́ kí òun yọjú wò ó díẹ̀, ìyá mi sì ní a kì í kánjú fùfú, ẹni tó bá kánjú fùfú á jẹ májèlé. Bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló ń dín kù. Mo ń wo ẹkù láti orí òkúta, mo rí ìyá mi tó ti kéré bí ọmọ ọdún méjì, gèlè ti bo ojú rẹ̀, ewé eéran ti bo gbogbo itan rẹ̀. Mo fẹ́ dìde lọ gbé e, mi ò sì gbọdọ̀ dìde. Mo jókòó. Òjò dé, ó lọ. Irun mi funfun, ó tún dúdú padà. Ìkòkò bẹ̀rẹ̀ sí í kùn lábẹ́ mi, ó ń hó láìsí iná, ó sì gbé orin tí a máa ń kọ nínú ẹkù:

Tẹ̀ ẹ́, tẹ̀ ẹ́, ẹsẹ̀ ọmọ,
Epo ń bọ̀, ẹ ṣe sùúrù.
Ẹnu á jẹ, ọjà á jẹ,
Iná á jẹ gbẹ̀yìn.

Gbogbo ẹsẹ̀ tó ti tẹ ẹyìn rí nílé wa ló wá. Àwọn ẹlẹ́sẹ̀ náà ò wá, ẹsẹ̀ nìkan ni. Mo mọ ti ìyá ìyá mi nítorí àpá tó wà ní gìgísẹ̀ rẹ̀. Wọ́n tẹ ilẹ̀ yí ìkòkò ká títí orin náà fi parí, wọ́n sì lọ.

Nígbà tí ìkòkò ní kí n dìde, mo dìde. Omi tó kán láti ara rẹ̀ sínú igbá mọ́ gaara bí omi òjò. Ìyá mi ní kí n fi iná kàn án. Iná rẹ̀ ní àwọ̀ aró bí aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú ìkòkò aró jáde, kò ní èéfín rárá. Òórùn fùfú gba gbogbo abà kan. Ẹ̀gbọ́n mi ti ìka bọ̀ ọ́, ó lá a, ó pa ojú dé.

"Ó gbóná lọ́fun bí ògógóró," ó wí, ó sì tún nawọ́.

"Gbé ọwọ́ rẹ kúrò!" ìyá mi kígbe láti abẹ́ gèlè. "Bí ọkọ̀ kò bá gbọdọ̀ jẹ tìrẹ, kí ló dé tí ìwọ fẹ́ mu tirẹ̀?"

Ọkọ̀ ti jí. Ó ti wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń gbóòórùn.

"Kí lẹ ń pe ìyẹn?"

"Àjẹkù," ni ìyá mi wí.

Ọkọ̀ wá rọra sọ̀rọ̀, bí ọmọ tí wọ́n ti nà, tó ti gbọ́ràn. "Ṣé ẹ̀yin ti jẹun?"

Kò bi wá bẹ́ẹ̀ rí.

Ìyá mi yí ojú sí mi. "Fádérera, o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, Ìyá."

"Bámgbàlà ńkọ́?"

"Mo ti jẹun."

Ó pe Ìyá Wúràọlá lókè ògiri. Ìyá Wúràọlá dáhùn pé ìkòkò òun ti padà di ìkòkò, kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n má dá òun lẹ́nu dúró, òkèlè wà lẹ́nu òun. Ìyá mi béèrè lọ́wọ́ àwọn ebè náà, bẹ́ẹ̀ oko jìnnà sílé. A gbọ́ tí wọ́n pa ẹnu dé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí ìgbà tí èèyàn púpọ̀ bá jọ ti ilẹ̀kùn. Mi ò mọ ẹni tó fún wọn ní irúgbìn.

"Àwa ti jẹun," ìyá mi wí fún ọkọ̀. "Máa mu tìrẹ."

Ọkọ̀ mu ún. Ara rẹ̀ gbọ̀n, iwájú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi gbé ìyá mi sí iwájú, òun fúnra rẹ̀ jókòó sí àyè dírẹ́bà, èmi gun ẹ̀yìn, mo jókòó sórí àpò ìhá. A gbéra.

Ẹní ni wọ́n tẹ́ sójú ọ̀nà náà. Àwọn òkú ilé wa tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, wọ́n di ògùṣọ̀ mú lọ́sàn-án gangan, wọ́n ń fì í sí wa bí ẹni ń juwọ́. Wọ́n ti yó. Tí a bá dé ìlú kan, òórùn wa á ti ṣáájú wa débẹ̀, àwọn obìnrin á ti tú síta pẹ̀lú abọ́.

"Onífùfú! Ẹ dúró! Èló lẹ ń tà á?"

"Kì í ṣe títà," ẹ̀gbọ́n mi ń dá wọn lóhùn lójú fèrèsé. "Ọkọ̀ ló mu ún!"

"Ọkọ̀ wo ló ń mu fùfú?" obìnrin kan wí fún ẹnìkejì rẹ̀. "Bá mi bi í bóyá ẹ̀fọ́ ló fẹ́ fi jẹ ẹ́ tàbí ilá."

Ọkọ̀ rẹ́rìn-ín débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ yà kúrò lójú ẹní. Mo ń wo ẹ̀yìn orí ìyá mi láti inú ihò pákó. Bí ọ̀nà ṣe ń dín kù ni òun ń tóbi padà. Gèlè bá orí mu. Èjìká bá aṣọ mu. Ó tiẹ̀ tóbi ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ, ó padà di obìnrin tó lè fi ọwọ́ kan ṣoṣo gbé ìdì ẹyìn lé orí, tí mo mọ̀ nígbà tí mo kéré.

Ọláyẹni jókòó lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ ní Àgọ́-Ìrókò. Ọmọge ni, gẹ́gẹ́ bó ṣe rí lọ́jọ́ tí wọ́n mú un lọ ilé ọkọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì pọ́n dé orúnkún.

"O pẹ́," ó wí fún ìyá mi.

"Ọkọ̀ ń dúró kí àwọn ọmọ jẹun."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Ìyá mi jókòó tì í. Ó tú ewé eéran náà. Iṣu sísun ló wà nínú rẹ̀, tó ti pọ́n fún epo, epo ìgbákọ àkọ́kọ́, mo mọ̀ ọ́n nípa òórùn rẹ̀. Wọ́n dá a sí méjì. Wọ́n jẹ ẹ́, epo ń ṣàn lágbọ̀n wọn, wọ́n ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún bí ọmọdé. Nígbà tí wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n ká ìró sókè, wọ́n bọ́ sínú ẹkù kan tó wà níbẹ̀, wọ́n di igi mú, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́.

Mo pe ìyá mi. Ó gbọ́, ṣùgbọ́n kò dá ẹsẹ̀ dúró.

"Fádérera, bá ọkọ̀ padà sílé," ó wí. "Má jẹ́ kó sùn sí ìta."

Ọkọ̀ ti yí orí padà fúnra rẹ̀. Mi ò rí ẹ̀gbọ́n mi mọ́. Mo bọ́ sí iwájú. Ibi tí ìyá mi jókòó sí ti jìn, ó mú àwòrán ìdí rẹ̀. Mo fi ọwọ́ kàn án, ó gbóná.

Mo lajú. Ọwọ́ mi wà lórí ẹní.

Lójú ayé, Àgọ́-Ìrókò kò jìnnà. Ọjọ́ ọyẹ́ kan, ó ti pẹ́ gan-an, ni ìyá mi ní òun fẹ́ lọ síbẹ̀. Kò sí pẹtiróòlù ní gbogbo agbègbè wa lọ́dún náà, ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi sì wà níwájú ilé, adìyẹ ń yé ẹyin sábẹ́ rẹ̀. Ìyá mi ti ń ṣàìsàn tipẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ó ní kí n bu omi kí òun wẹ̀. Ó ní kí n sun iṣu, kí n fi epo pa á lára, kí n dì í sínú ewé eéran fún Ọláyẹni. Bámgbàlà ti gun kẹ̀kẹ́ jáde tòun ti gálọ́ọ̀nù láti lọ wá pẹtiróòlù dé ibi tó bá ti lè rí i. Ìyá mi ní ká gbé òun sí iwájú ọkọ̀, òun á dúró dè é níbẹ̀, kó má baà jẹ́ pé òun ni wọ́n tún ń wá. A gbé e síbẹ̀. Ó gbé iṣu náà lé itan. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, à ń sọ̀rọ̀ ẹkù, ọ̀rọ̀ ìgbà tí Ọláyẹni yọ̀ ṣubú sínú epo tó sì sáré kiri abà bí iwin pupa. Ó rẹ́rìn-ín.

"Fádérera," ó wí, "o ti jẹun?"

Mo ní mo ti jẹun. Ó ní ó dáa. Ó yí ojú sí ọ̀nà.

Ẹ̀gbọ́n mi dé, ó ń ti kẹ̀kẹ́ bọ̀, gálọ́ọ̀nù òfìfo ń lu ara lẹ́yìn rẹ̀. Láti òkèèrè ló ti ń sọ̀rọ̀. "Ìyá, kò sí o, ṣùgbọ́n wọ́n ní tó bá di ọ̀la…" Ó dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó wo ojú ìyá mi, ó jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ ṣubú.

Nígbà tí a gbé ìyá mi sọ̀kalẹ̀, iṣu inú ewé náà ṣì gbóná.